Ajá náà, ajá wọn ni

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn. Ọ̀rọ̀ àwòrán kan ni, tí wọ́n yà nílùú Bruges, ní ilẹ̀ Flandre tó wà ní Bẹ́ljíọ̀mù òde òní, lọ́dún 1434. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi kan wà lọ́rùn wa nínú rẹ̀, àwa tí à ń fi Faransé kọ́ ọmọ, ìdí nìyẹn tí a fi ní kí a sọ ọ́ níwájú yín.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí tí a gbé àwòrán náà fún àwọn ọmọ kíláàsì wa. Ẹ̀dà dúdú òun funfun ni, ẹ̀rọ fọtokópì sì ti jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. A ní kí wọ́n kọ ohun tí ohun kọ̀ọ̀kan nínú yàrá náà dúró fún. Ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ wa, a kọ ọ́ sínú káyé wa nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwa náà níṣẹ́ olùkọ́: ajá dúró fún ìṣòótọ́ tọkọtaya, àbẹ́là dúró fún ojú Ọlọ́run, bàtà tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ fi hàn pé ilẹ̀ mímọ́ ni, ọsàn sì dúró fún èso ọgbà Édẹ́nì. Ọmọbìnrin kan kọ ọ́ pé: "Ajá náà, ajá wọn ni. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ni ó fi bá wọn dúró." Òdo la fún un lórí ìbéèrè yẹn. A tún fi bíírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé kò ka ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Àwòrán yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní Tọkọtaya Arnolfini. Jan van Eyck ló yà á, ayàwòrán ààfin Philippe, ọba kékeré tó ni ilẹ̀ Burgundy àti Flandre nígbà náà. Lọ́dún 1842 ni ilé ìṣúra àwòrán ńlá ti Lọ́ńdọ̀nù rà á, ibẹ̀ ló sì wà dòní. Kò tóbi rárá. Gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 82, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 60. Orí pákó ni wọ́n yà á sí, pẹ̀lú ọ̀dà tí wọ́n fi òróró pò, tí wọ́n ń fi sí i ní ìpele ìpele, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, títí ìmọ́lẹ̀ fi ń ti inú ọ̀dà jáde.

Kí a tó gbọ́ ohun tí ọ̀mọ̀wé wí, ẹ jẹ́ ká wò ó fúnra wa.

Ọkùnrin kan àti obìnrin kan dúró nínú yàrá. Ọkùnrin náà dé fìlà dúdú ńlá tí wọ́n fi koríko hun, ó wọ ẹ̀wù tí wọ́n fi awọ onírun ṣe létí. Aṣọ obìnrin náà aláwọ̀ ewé gùn dé ilẹ̀, ó sì tún ṣẹ́kù, débi pé ó kó ìdì rẹ̀ jọ síwájú ikùn. Ìborùn funfun wà lórí rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni ọkùnrin náà fi gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú. A mọ̀ pé àwọn àgbà tó ń kà á níbí ti lọ́jú mọ́ ọwọ́ òsì yẹn! Àwọn òyìnbó náà lọ́jú mọ́ ọn. Àwọn kan tilẹ̀ ti inú rẹ̀ fa ìtàn pé ìgbéyàwó ọkùnrin ọlọ́lá pẹ̀lú obìnrin tí kò tó ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lókè díẹ̀, bíi ti ẹni tó fẹ́ búra, tàbí ẹni tó ń kí àlejò. Ọ̀kan nínú méjèèjì yìí ni gbogbo àríyànjiyàn náà gbé kọ́ sórí.

Ẹ wo bí ayàwòrán ṣe to nǹkan. Ọkùnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí òde wà. Obìnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn pupa, níbi tí inú ilé jìn sí. Ìmọ́lẹ̀ ti apá ọ̀dọ̀ ọkùnrin wọlé, ó kọjá lára rẹ̀, ojú obìnrin náà ló bà lé jù. Wàyí o, ẹ fi ìka yín fa ìlà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè láàárín gbùngbùn: ẹ ó bá ajá, ẹ ó bá ọwọ́ méjì tó so pọ̀, ẹ ó bá dígí, ẹ ó bá ìkọ̀wé kan lára ògiri, ẹ ó sì bá ọ̀pá àbẹ́là onídẹ tó rọ̀ láti òkè. Kò sí èyí tó ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀ nínú wọn. Ojú wa kò lè wọ yàrá náà kó má gba ọ̀nà yẹn, bí ẹni tó wọ agbo ilé tí kò lè ṣe kó má gba iwájú baálé kọjá.

Dígí náà ni ọkàn ohun gbogbo. Ó yọ ikùn síta bí ẹ̀yìn ìkòkò, nítorí náà ó kó gbogbo yàrá jọ sínú ara rẹ̀. Nínú rẹ̀ a rí ẹ̀yìn tọkọtaya náà, a rí fèrèsé, a sì rí ènìyàn méjì mìíràn lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan wọ aṣọ búlúù, èkejì wọ pupa. Ibi tí àwọn méjì yẹn dúró sí gan-an ni àwa tí à ń wòran dúró sí. Àwòrán róbótó mẹ́wàá yí etí dígí náà ká, gbogbo wọn jẹ́ ìtàn ìjìyà Jésù; kò sí èyí tó fẹ̀ ju èékánná lọ nínú wọn, síbẹ̀ ènìyàn lè kà wọ́n. Lókè dígí, van Eyck fi èdè Látìn àti ọwọ́ ìkọ̀wé ọlọ́lá kọ ọ́ pé Jan van Eyck ti wà níbí, 1434. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán a kọ ọ́ pé "èmi ni mo yà á". Eléyìí ní òun wà níbẹ̀.

Gbólóhùn kékeré yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀.

Lọ́dún 1934, Erwin Panofsky, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì tí àwọn Násì ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kọ àpilẹ̀kọ kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ni àwòrán yìí. Nígbà náà, ìjọ Kátólíìkì gbà pé ọkùnrin àti obìnrin lè fẹ́ ara wọn nípa ẹ̀jẹ́ tí wọ́n jẹ́ fún ara wọn, kódà láìsí àlùfáà. Panofsky ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn: ọkùnrin ń búra, ayàwòrán jẹ́ ẹlẹ́rìí, ó sì fọwọ́ sí i lára ògiri bí ẹni fọwọ́ sí ìwé ní mẹrì. Lẹ́yìn èyí ló wá mú ohun inú yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbẹ́là kan ṣoṣo tó ń jó lọ́sàn-án gangan, Ọlọ́run tó ń rí ohun gbogbo ni. Ajá, ìṣòótọ́ ni. Bàtà onípákó tí ọkùnrin náà bọ́ sílẹ̀, ohun tí Ọlọ́run sọ fún Mósè nídìí igbó tó ń jó ni. Ère kékeré tó wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, Màgárẹ́ẹ̀tì Mímọ́ lórí dírágónì, tí àwọn aláboyún ń ké pè. Àmì tó fara sin sínú ohun ojoojúmọ́ ni Panofsky pè wọ́n.

A kò ní purọ́: ìgbà àkọ́kọ́ tí a ka ọ̀rọ̀ yìí, orí wa wú. Ó dà bíi pé wọ́n fún wa ní kọ́kọ́rọ́ kan tó ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Olùkọ́ kì í rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kó má fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó rọrùn láti fi fún ọmọ ní máàkì.

Ṣùgbọ́n ta ni àwọn méjì wọ̀nyí? Orúkọ Arnolfini kò sí lára àwòrán náà níbì kankan. Inú ìwé àkọsílẹ̀ ẹrù Màgárẹ́ẹ̀tì ti Ọ́sítríà ló ti jáde, lọ́dún 1516, tí akọ̀wé kan fi Faransé àtijọ́ kọ ọ́ pé "Hernoul le fin" àti ìyàwó rẹ̀ nínú yàrá kan. Ẹ̀yin tó gbọ́ Faransé, ẹ kà á sókè, ẹ ó gbọ́ bí ahọ́n akọ̀wé náà ṣe yí orúkọ ará Ítálì po, bí àwọn akọ̀wé ìjọba ṣe yí orúkọ àwọn bàbá wa po nínú ìwé ìbí. Ìdílé oníṣòwò láti ìlú Lucca ni àwọn Arnolfini, aṣọ olówó ńlá ni wọ́n ń tà ní Bruges. Panofsky gbà pé Giovanni di Arrigo Arnolfini ni ọkùnrin náà, pé Jeanne Cenami sì ni ìyàwó.

Ní àwọn ọdún 1990, òpìtàn ará Faransé kan, Jacques Paviot, tẹ ìwé kan jáde tó fi hàn pé ọdún 1447 ni Giovanni di Arrigo àti Jeanne Cenami ṣègbéyàwó. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn tí wọ́n ya àwòrán náà ni. Van Eyck fúnra rẹ̀ kú ní 1441. Ẹlẹ́rìí wo ló ń jẹ́rìí ìgbéyàwó tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tó ti kú?

Látìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ti yí ojú sí ìbátan rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ, Giovanni di Nicolao Arnolfini. Lorne Campbell, tó kọ ìwé lórí àwọn àwòrán Flandre tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, jáde ní 1998, ó ní kò sí ìgbéyàwó kankan tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: ọkùnrin olówó kan àti aya rẹ̀ ni, wọ́n ń gba àlejò, ọwọ́ tó gbé sókè ń kí àwọn méjì tó wà nínú dígí. Edwin Hall ní ìfẹ́sọ́nà ni, kì í ṣe ìgbéyàwó. Margaret Koster dé ní 2003, ó ní obìnrin náà ti kú. Ó tọ́ka sí Costanza Trenta, ìyàwó di Nicolao, tó ti kú kí ọdún 1434 tó dé. Ó ní kí a wo àbẹ́là: èyí tó ń jó wà lápá ọ̀dọ̀ ọkùnrin, lápá obìnrin, ìda tó ti yọ́ tán ló kù. Ó ní kí a wo etí dígí: lápá ọkùnrin, Jésù ṣì wà láàyè, lápá obìnrin, ikú rẹ̀ àti àjíǹde ni.

Ṣé ẹ rí i? Àbẹ́là kan náà ni o. Fún ọ̀kan, àbẹ́là ìgbéyàwó ni. Fún èkejì, àbẹ́là ikú ni. Ẹnì kan fẹ́ ìyàwó fún ọkùnrin náà, ẹnì kan sin ín.

Ní ti oyún ńkọ́? Ọdọọdún ni àwọn ọmọ kíláàsì máa ń rẹ́rìn-ín sí i: "Ìyàwó ti lóyún kí wọ́n tó dé ilé ọkọ!" Wọn kò dá nìkan sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ń ka ẹrù ọba Sípéènì ní 1700, akọ̀wé ibẹ̀ kọ ọ́ pé obìnrin ará Jámánì kan tó lóyún ni, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, ó ń fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ́wọ́, ó sì jọ pé òru ni wọ́n ń ṣègbéyàwó. Òru! Nínú yàrá tí oòrùn ń wọlé láti fèrèsé. Aṣọ ni obìnrin náà kó jọ. Bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ nígbà yẹn nìyẹn, ìgbànú sókè, aṣọ púpọ̀ nísàlẹ̀, kí ẹni tó bá rí i mọ̀ pé owó wà. Van Eyck ya Kátírínì Mímọ́ ní 1437, nínú àwòrán tó wà ní Dresden, ikùn rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, wúńdíá sì ni ìjọ mọ̀ ọ́n sí.

Èyí tó wá fọ́ ìgberaga wa pátápátá ni iṣẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe. Ìmọ́lẹ̀ kan wà tí ojú ènìyàn kò lè rí, tó máa ń gba inú ọ̀dà kọjá, tó sì ń fi ìlà tí ayàwòrán kọ́kọ́ fà sórí pákó hàn. Wọ́n lò ó fún àwòrán yìí. Wọ́n rí àwọn ènìyàn méjèèjì nísàlẹ̀, wọ́n rí i pé van Eyck yí ọwọ́ àti ojú wọn padà. Ṣùgbọ́n kò sí ajá níbẹ̀. Kò sí ọ̀pá àbẹ́là. Ẹ̀yìn tí iṣẹ́ ti lọ jìnnà ló fi wọ́n kún un. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ni, tí ajá sì jẹ́ ìṣòótọ́, tí àbẹ́là jẹ́ ojú Ọlọ́run, báwo ni yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ láìsí wọn? Ta ló ń kọ ìwé ẹ̀rí tó gbàgbé ẹ̀jẹ́?

A fẹ́ kí ẹ gbọ́ wa yé o. A kò sọ pé àmì kò sí nínú àwòrán Flandre. Ìjìyà Jésù wà létí dígí, ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé kò sí. Ère Màgárẹ́ẹ̀tì wà lórí àga, bí ẹní mọ ẹní ni. Ohun tí a ń sọ ni pé àmì kì í dá sọ̀rọ̀. Àwa tí a ní àrokò, ó yẹ kó yé wa ju ẹlòmíràn lọ. Bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ láyé àtijọ́, ó ń sọ fún ọ pé ọkàn òun ń fà sí ọ, nítorí pé ẹẹ́fà ni, ẹẹ́fà sì gbé "fà" sínú. Mẹ́jọ ni, ó ń sọ pé ẹ jọ ara yín. Kí òyìnbó tó gbọ́n jù lọ jókòó ti owó ẹyọ mẹ́fà fún ogún ọdún, kó wọ̀n ọ́n, kó fọ̀ ọ́, kò ní rí ìfẹ́ nínú rẹ̀. Inú ẹnu Yorùbá ni ìfẹ́ náà wà. Ẹni tó rán an àti ẹni tó gbà á ni wọ́n jọ mọ̀ ọ́n. Àwa náà nìyẹn, tí a jókòó ti ajá Bruges pẹ̀lú káyé Faransé, tí a ń pín òdo.

Wọ́n sì ti ṣe irú rẹ̀ fún wa rí. Ẹ̀yin ọmọ Kétu, ẹ mọ̀ pé ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lè ru ẹ̀rọ ìránṣọ, ó lè ru alùpùpù. Bí àlejò kan bá dé tó ní ẹ̀rọ ìránṣọ dúró fún kádàrá, pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni ikú, ẹ ó rín in títí omijé yóò fi bọ́. Ó lè jẹ́ télọ̀ kan ni wọ́n ń yìn, ó sì lè jẹ́ télọ̀ kan ni wọ́n ń bú. Ẹni tó wà lójúde ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, tó gbọ́ orin tí wọ́n fi gbé e jáde, ló lè sọ. A kì í fẹ́ kí wọ́n ṣe é fún wa. Kí ló dé tí à ń ṣe é fún wọn, tí a tún pè é ní ẹ̀kọ́?

Nítorí náà, ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ ọ nísinsin yìí yàtọ̀. A kì í béèrè "kí ni èyí dúró fún" mọ́ níbẹ̀rẹ̀. A máa ń ní kí wọ́n sọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró sí, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá, ibi tí ojú wọn kọ́kọ́ bà lé, ohun tí nǹkan náà jẹ́ àti iye tó ń ná ènìyàn nígbà yẹn. Ọsàn tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi pé kì í so ní Bruges, òtútù kò ní jẹ́. Láti gúúsù ni ọkọ̀ òkun ti ń gbé e wá, olówó ló ń jẹ ẹ́. Ibùsùn pupa, àwọn olówó a máa tẹ́ ẹ sí yàrá tí wọ́n ti ń gba àlejò, bí àwọn kan níbí ṣe ń kó abọ́ kírísítà sínú kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀ tí wọn kò ní fi jẹun láéláé. Bàtà onípákó, ẹrẹ̀ ìgboro ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ sí, ènìyàn kì í wọ̀ ọ́ gun rọ́ọ̀gì. Igi tó ń so èso pupa wà lóde fèrèsé náà, ìyẹn ni pé ìgbà ooru ni, síbẹ̀ àwọn méjèèjì gbé awọ onírun wọ̀. Kí ni ọmọ yóò sọ sí ìyẹn? Ọmọ kan ní kíláàsì wa lọ́dún tó kọjá ní: "Fọ́tò ni wọ́n fẹ́ yà ni." A fún un ní máàkì rẹ̀ pé.

Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ wa kan kò fara mọ́ èyí. Wọ́n ní a ń ba ẹ̀kọ́ jẹ́, pé ọmọ tó bá kọ "ajá ni" níwájú àwọn tó ń ṣe àtúnṣe ìdánwò yóò pàdánù máàkì. Wọ́n lè jàre níbẹ̀. A kò tíì rí ìdáhùn sí i, bí kò ṣe pé a máa ń sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí ṣáájú, kí wọ́n tó kọ ohun tí àwọn ènìyàn wí, kí wọ́n sì dárúkọ ẹni tó wí i.

Ní ìparí oṣù tó kọjá, a bá ọmọbìnrin tí a fún ní òdo náà pàdé nínú ọjà. Ó ti bímọ méjì, aṣọ ló ń tà. A jókòó ti ìsọ̀ rẹ̀, a ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún un, a sì tọrọ àforíjì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbàgbé. Ó ní kí a fi hàn òun. Ó gba fóònù lọ́wọ́ wa, ó kọ́kọ́ wo aṣọ aláwọ̀ ewé náà, ó ní irun àgùntàn ni, pé iye ọ̀pá tó wọ inú rẹ̀ kò kéré. Lẹ́yìn náà ó fi ìka méjì fẹ àwòrán náà títí dígí fi kún ojú fóònù. Ó wò ó pẹ́.

Ó ní: "Monsieur, ẹ wò ó. Ajá náà kò sí nínú dígí."

A gba fóònù, a wò ó. Lóòótọ́ ni, kò sí níbẹ̀. Gbogbo ọdún tí a fi kọ́ àwòrán yẹn, a kò wò ó rí.